Ìbọ̀sẹ̀ Tí Mo Wọ̀ fún Bàbá Rẹ

Kaneshie, Accra
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun àárọ̀

Ràfíátù ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo kí ọ kú ilé tuntun. Ara wa le, ara bàbá rẹ náà le, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ń béèrè rẹ. Jẹ́ kí ìkíni mọ síbẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kò jẹ́ kí ìdí mi jókòó láti àná.

Nígbà tí o pè mí láti Kofórídúà lánàá, mo ń ṣa àwọn aṣọ ọmọdé tí mo fẹ́ gbé lọ sí ọjà Kantamanto lónìí. Inú mi ń dùn. Ọmọ mi ti di nọ́ọ̀sì, wọ́n ti gbé e sí wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn ṣẹ́, ó ń sọ fún mi bí fèrèsé yàrá rẹ̀ ṣe kọjú sí òkè. Ẹ̀yìn náà ni o wá sọ̀rọ̀ yẹn. O ní, "Màámi, obìnrin tó jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ Dádì ni ọ̀gá mi níbí. Sístà Dédé yẹn. Màá rí i pé gbogbo wọ́ọ̀dù mọ ohun tó ṣe."

O rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé wa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́, èmi ni mo pa fóònù. Mo jókòó lórí béèlì aṣọ òkìrìkà, ìyàwó aládùúgbò wa sì ń bi mí pé ta ló kú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú láàárọ̀ yìí láti fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, tí mò ń pa á rẹ́. Ẹkún á gbà á mọ́ mi lẹ́nu, tàbí kí ìwọ já lu ọ̀rọ̀ mi bí ìṣe rẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, torí Twi tí mo ní ò ju èyí tí mo fi ń ná ọjà lọ, kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà máa ń fún ọ ní wàhálà. Kà á sókè, etí rẹ á gbọ́ ohun tí ojú rẹ ò bá mọ̀.

N kò ní yí i po. Sístà Dédé kọ́ ló jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá láti wò ó, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni èmi ìyá rẹ lé e. Nígbà tí wọ́n sì bi mí, mo ní kò wá.

Jókòó, ọmọ mi. Mu omi. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ilé ìwé ni o wà nígbà náà, o ń múra ìdánwò àṣekágbá, a ò sì fẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú. Bàbá rẹ gun àkàbà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Okaishie láti gbé páálí fáànù kan sọ̀ kalẹ̀ fún oníbàárà. Àkàbà yọ̀. Itan rẹ̀ ṣẹ́, díẹ̀ sókè orúnkún. Ọsibítù aládàáni kan nínú Accra níbí la gbé e lọ. Dókítà ní àwọn ò ní la itan náà gbọọrọ bíi ti àtijọ́. Ihò kéékèèké ni wọn yóò lu sí awọ, wọ́n á ti irin pẹlẹbẹ gba abẹ́ ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun, wọ́n á máa wo ibi tó ń lọ lójú ẹ̀rọ, wọ́n á wá fi súkúrù dè é mọ́ egungun. Ó ní irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń tètè jinná. Kí bàbá rẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ó tún ṣàlàyé pé nígbà mìíràn, irin tí wọ́n fi ń lu egungun lè kọjá ààyè rẹ̀ kó lọ kan iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn, torí àwọn ò la ibẹ̀ sílẹ̀ tí ojú àwọn á fi tó o. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ohun tó kù sí mi létí ni "ihò kéékèèké".

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde lọ́sàn-án, wọ́n ti yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó ń gbóná, ọmọ ìka ń mì. Mo wo itan rẹ̀, pílásítà kéékèèké mẹ́rin péré. Mo rẹ́rìn-ín. Mo pe àbúrò bàbá rẹ, mo ní iṣẹ́ abẹ náà ò ju ibi tí ẹ̀fọn jẹ lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni bàbá rẹ ní ẹsẹ̀ ń tutù òun, ó sì ń dun òun nísàlẹ̀ pátápátá, lọ́mọ ìka, níbi tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Mo fi ọwọ́ bà á, ó tutù lóòótọ́. Mo gbójú sókè, mo rí éésì tó ń fẹ́ lù wá. Mo ní éésì ni. Mo fi òrí pa ẹsẹ̀ náà. Ìbọ̀sẹ̀ méjì wà nínú báàgì mi tí mo mú nínú béèlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já, àwọn onírun àgùntàn dúdú tó nípọn, tí òyìnbó ń wọ̀ nígbà yìnyín. Mo wọ ọ̀kan fún un, mo wọ èkejì lé e, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e títí dé àyà. Inú mi dùn sí ara mi. Mo ní ìyàwó wo ló tún mọ ọkọ tọ́jú bí oníbéèlì.

Nígbà tó tó àkókò ìrun Alásárì, bàbá rẹ ti dijú. Sístà Dédé wọlé, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kò tíì ju bí o ṣe wà lónìí lọ. Ó ní òun fẹ́ ṣí ẹsẹ̀ Àlàájì wò. Mo ní ó ń sùn. Ó ní kò ní pẹ́. Àjọkẹ́, ìwọ náà mọ ẹnu mi. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni tó fẹ́ máa ká aṣọ lára Àlàájì, mo ní àwọn tó jù ú lọ nílé mi, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ó tọrọ àforíjì, ó jáde. Ìyá tó ń ṣọ́ aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ní obìnrin Alátà yìí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, ò gba gbẹ̀rẹ́ o. Orí mi tún wú sí i.

Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti na ọwọ́ sí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà kí n tó dìde. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní tó bá jí ọkọ mi, iwájú mátírọ́ọ̀nù la jọ máa dé. Ó wò mí lójú, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ rí."

Mo ní rárá.

N kò mọ̀ pé dókítà ló lọ wá. Dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́ abẹ mìíràn, ọmọ náà sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ó fi jáde. Nígbà tí wọ́n jọ wọlé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Dókítà ò bi mí léèrè nǹkan kan. Ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó fa ìbọ̀sẹ̀ kan yọ, ó rí òmíràn lábẹ́ rẹ̀, ó wò mí, ó fa ìyẹn náà yọ. Ràfíátù, ẹsẹ̀ tó jáde níbẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí àbẹ́là. Dókítà wá ìlù ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀ náà, ó wá a wá a, kò rí i. Ó yíjú sí Sístà Dédé, ó bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí. Ọmọ náà wò mí.

Wọ́n sáré gbé e padà. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n la itan náà gbọọrọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ya lẹ́yìn egungun, ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ẹran, kò dé ìsàlẹ̀ mọ́. Wọ́n rán an, wọ́n sì ṣe é dáadáa, àmọ́ ẹsẹ̀ náà ti pẹ́ jù láìrí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti dúdú. Wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún. Dókítà fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀, ó ní kí iṣan fara pa níbi iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ jù lọ, pé bí wọ́n bá tètè rí i ni ẹsẹ̀ fi ń là. Ó ní tí kì í bá ṣe ti nọ́ọ̀sì tó wá pe òun ni, bóyá ẹ̀mí náà ì bá bá a lọ. Ó sọ ìyẹn sí mi létí, kedere.

Síbẹ̀, nígbà tí àbúrò bàbá rẹ dé pẹ̀lú ariwo, tí mátírọ́ọ̀nù pe gbogbo wa sínú ọ́fíìsì, tí Sístà Dédé sì ní òun wá lẹ́ẹ̀mejì, màmá yìí lé òun, gbogbo ojú wá sára mi. Mo ní, "Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó wá wò ó."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rí ojú àwọn ẹbí bàbá rẹ, mo mọ̀ pé tí mo bá sọ òtítọ́, èmi ni ìyàwó tó gé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ títí ayé. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Kí oṣù tó parí, ó ti kúrò ní ọsibítù náà. N kò béèrè ibi tó lọ.

Ìwọ wá dé láti ilé ìwé, o rí bàbá rẹ, o dì mọ́ ọn, o ní nọ́ọ̀sì ni o máa ṣe, kí bàbá ẹnikẹ́ni má baà bọ́ sọ́wọ́ irú obìnrin yẹn mọ́. Mo ní Àmín. Èmi yìí, mo ṣe Àmín sí i.

Lánàá náà, kí n tó pa fóònù, o tún ń fi Sístà Dédé ṣe yẹ̀yẹ́ fún mi. O ní ó ń yọ gbogbo yín lẹ́nu, pé wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ń ní kí ẹ ṣí aṣọ lẹ́sẹ̀ aláìsàn, pé bó ń sùn kí ẹ jí i, pé àwọn nọ́ọ̀sì ti fún un lórúkọ nítorí ẹ̀. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ọwọ́ mi ló ti kọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé irú lẹ́tà báyìí máa ń ní ìmọ̀ràn nínú. Ẹnu wo ni mo tún fẹ́ fi gba ọmọ nímọ̀ràn? Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, kòtò tí mo wà nínú ẹ̀ yìí sì jìn. Gbọ́ díẹ̀ tí mo rí níbẹ̀.

Èkíní, má jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ kékeré tàn ọ́ jẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò béèlì, ọkùnrin kan dá ihò kan sí ara béèlì fún mi ní Kantamanto, ó fa gáùn olómi góòlù kan jáde níbẹ̀. Mo ní ó tó, mo gbé e. Nígbà tí mo já a, kọ́tìnì gbígbó ló kún inú ẹ̀, èmi àti ojú mi jọ sunkún. Ọgbọ́n tó yẹ kí n fi ìyẹn kọ́ ló sá fún mi lọ́jọ́ tí mo ń rẹ́rìn-ín sí pílásítà mẹ́rin. Tí wọ́n bá gbé ẹni tí wọ́n fi ihò kéékèèké tún egungun rẹ̀ ṣe wá, ọmọ mi, ìsàlẹ̀ ni kí o lọ. Fọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì, kí o fi ọ̀kan wé èkejì. Wo àwọ̀ rẹ̀, wá ìlù ẹ̀jẹ̀, ní kó mi ọmọ ìka, bi í bóyá ó ń mọ̀ ọ́n lára. Bọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá wọ̀ sí i, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ìkejì, má yin ẹni tí kò ké. Nígbà tí mo ń rọbí ẹ̀gbọ́n rẹ, ìyá ọkọ mi ní obìnrin ilé àwọn kì í pariwo. Ọjọ́ méjì ni mo fi eyín di ìró mú, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìrora náà ti yàtọ̀. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ náà má mí. Nígbà tó mí, wọ́n yìn mí káàkiri Kaneshie, mo sì gba ìyìn náà, mo gbé e sórí fún ọgbọ̀n ọdún. Òun ni mo sọ̀ kalẹ̀ fún bàbá rẹ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, mo ní, "Ọkùnrin ni yín, Àlàájì, ẹ fara dà á." Ìrora tó ju oògùn lọ, iṣẹ́ ló ń jẹ́. Ẹni tó bá ń ké, sáré lọ bá a. Ẹni tó bá dákẹ́ jù, tètè lọ bá a.

Ìkẹta, irú mi á wá bá ọ. Wọn ò ní pẹ́ dé. Wọ́n á pè ọ́ lọ́mọdé, wọ́n á bi ọ́ bóyá o ní ìyá nílé, wọ́n á fi ọjọ́ orí wọn dí ẹnu ọ̀nà. Mo tọ́ ọ pé kí o bọ̀wọ̀ fún àgbà, n kò sì tíì gba ọ̀rọ̀ mi padà. Kúnlẹ̀ bí o bá fẹ́ kúnlẹ̀. Bẹ̀ ẹ́. Pè é ní màmá. Kí o sì ṣí aṣọ náà. Bó bá di ọwọ́ rẹ mú, pariwo pe ẹni tó jù ọ́ lọ lójú ẹsẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ò gbà fún ọ, kí o tún padà lọ. Ìbínú rẹ̀ á tán lọ́la. Ẹsẹ̀ kì í hù.

Èyí tó kù, n kò mọ nọ́ńbà tí mo lè fún un. Mo ti pa á lówe fún ẹ̀yin ọmọ mi àìmọye ìgbà pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo rò pé àwọn ọmọdé ni wọ́n ń pa òwe yẹn fún. Tèmi lọ fún ọdún mẹ́fà péré. O máa ṣàṣìṣe níbi iṣẹ́, kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí o sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ti wúwo. Lẹ́yìn ọdún kan, o ti ń bá ọmọ rẹ ṣe Àmín lé e lórí.

Nísinsìnyí, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kí n tó mú bírò, mo ní n kò ní kọ sí ọ kí n tó sọ fún bàbá rẹ. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń de ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ mọ́ra kó lè lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì ń retí kó ní kí n kó ẹrù mi. Kò gbójú sókè. Ó fa okùn náà le, ó ní, "Mo gbọ́ nígbà tí o lé e. Mi ò sùn."

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ó ní ẹsẹ̀ náà ń ro òun débi pé omi ń yọ lójú òun, òun sì dijú pinpin kí ọmọbìnrin kékeré yẹn má baà rí Àlàájì tó ń sunkún. Ó ní nígbà tí mo lé e lẹ́ẹ̀kejì, òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nínú ọkàn òun. Àbúrò rẹ̀ lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ìyàwó rẹ sọ báyìí, nọ́ọ̀sì sọ báyìí, ta ni ká gbà gbọ́. Ó ní òun kọ ojú sí ògiri, torí tí òun bá sọ òtítọ́, èmi ni wọ́n máa jẹ lẹ́ran.

Ọdún mẹ́fà, Ràfíátù. À ń jẹ nínú abọ́ kan. Mò ń bá a wẹ kùkùté ẹsẹ̀ yẹn, mò ń fi òrí pa á, mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀. Ó ń wo orí mi láti òkè, òun náà sì mọ̀. Mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, bàtà rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó dìde, ó ní, "Kọ ọ́ fún ọmọ náà. Kọ tèmi mọ́ tìẹ."

Mo ti kọ ọ́. Dẹ́rẹ́bà tó ń ná Kofórídúà ló máa mú un wá bá ọ. Èmi àti bàbá rẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti wá fi ojú wa kojú Sístà Dédé, ṣùgbọ́n má dúró dè wá. Ó ti dúró tó. Bí ìwé yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, mú un lọ bá a. Kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà ẹnu rẹ ni wàá fi sọ ọ́ fún un ní Twi. Gbogbo ibi tí mo ti ń ṣàwáwí, o lè fò ó. Bí o bá dé ọ́fíìsì mátírọ́ọ̀nù, má fò ó, sọ gbólóhùn tí mo sọ gan-an, má bá mi dín in kù. Bó bá ní òun ò fẹ́ gbọ́ mọ́, dákẹ́. Bó bá sunkún, má sọ fún un pé ó tó.

Ìyá rẹ ni,
Sàlámátù, ẹni tó lé e.